Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ilé Bàbá Wa

  

Ẹ ó rántí pé láìpẹ́ yìí, ẹnìkan fi fọ́tò agbo ilé kan sórí group wa, katakata ń wó o lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ilé alámọ̀ tó ti ń jò, kí la tún fẹ́ fi ṣe? Àwọn kan ní ìtàn ìlú ló ń lọ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston lẹ pariwo jù, àwọn ará ilé sì dá yín lóhùn pé kẹ́ ẹ fi owó àtúnṣe ránṣẹ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹni kan tiẹ̀ tag mi pé, "Coordinator, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ńkọ́?" Mo dákẹ́ ni. Ìdí tí mo fi dákẹ́ ni pé ọwọ́ tèmi náà ò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo wá sílé fún ìsinmi, àwọn ẹbí wa pinnu láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síwájú ilé bàbá àgbà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé alámọ̀ ni ilé náà, wọ́n ti rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì, páànù orí rẹ̀ ti pupa. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró ti àwọn lébìrà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ náà dé ìbàdí, àpáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó pọ̀ o. Àwọn kan ní ìlà fínfín lára. Owó ẹyọ mẹ́ta wà níbẹ̀, àti orí kòkò tábà kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Mo tún rí ìlà dúdú kan lára ògiri kòtò náà, ó lọ gbọọrọ láti igun kan dé èkejì. Mo rò pé óìlì ọkọ̀ ló rin ilẹ̀ níbẹ̀ ni.

Bíríkìlà ní, "Ìdọ̀tí àwọn ará àtijọ́ ni, ẹ kó o kúrò lọ́nà." Ọwọ́ mi ni mo fi kó o sínú bárò. Mo tì í lọ dà sí kòtò ààtàn ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n da kọnkéré.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bi mí pé, "Ṣé ẹ ti gbẹ́ ẹ tán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Ǹjẹ́ ẹ rí eérú?" Mo ní eérú kẹ̀? Ó ní kí wọ́n tó kọ́ ilé tá a wà nínú rẹ̀ yìí, ilé kan wà níbẹ̀ tí iná jó. Ìyá ọkọ òun ló sọ fún òun, ìyá yẹn náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tiẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn iná yẹn ni ìdílé wa pín sí méjì, tí apá kan kó lọ sí oko tí wọn ò sì padà mọ́. Àwọn ẹbí wa kan tá a kì í mọ̀ mọ́ nìyẹn o. Ara mi tutù. Ìlà dúdú tí mo pè ní óìlì, iná yẹn ni. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú ara mi, mi ò sì mọ ohun tí mò ń wò. Ó ti wà lábẹ́ kọnkéré báyìí, àpáàdì náà sì ti dàpọ̀ mọ́ ọ̀rá àti ike nínú ààtàn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń bi àwọn olùkọ́ léèrè. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ga

Àwọn baba ńlá wa kì í pe tipper pé kó já iyanrìn. Ilẹ̀ ìtòsí ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á fẹsẹ̀ gún un, wọ́n á sì mọ ògiri náà ní ìpele ìpele, kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé èkejì lé e. Tí ilé náà bá gbó, tí òjò bá wó o tàbí tí iná bá jó o, wọn kì í kó amọ̀ rẹ̀ lọ síbì kan. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á sì kọ́ òmíràn lé e lórí, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ìdílé. Ìkòkò tó fọ́ ń bẹ níbẹ̀, eérú ààrò ń bẹ níbẹ̀, egungun ẹran tí wọ́n jẹ ní ọjọ́ ọdún ń bẹ níbẹ̀. Àgbà tó bá sì kú, inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí, nínú yàrá rẹ̀ tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbé.

Báyìí ni ilẹ̀ agbo ilé ṣe ń ga díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti tó ìgbà kẹta, ìgbà kẹrin tí wọ́n kọ́ ọ, ìpele ìpele ló ti tò síra wọn lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó wà lókè ni tuntun, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló pẹ́ jù. Òfin tí awalẹ̀pìtàn fi ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn, kò le rárá.

Nǹkan tó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ gba kòkò tábà yẹn yẹ̀ wò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni tábà ti wá. Ìpele tí kòkò tábà bá wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń wá sí etíkun wa ló dáyé. Àgbàdo náà, Amẹ́ríkà ló ti wá. Nítorí náà, ìkòkò tí wọ́n bá fi ṣùkù àgbàdo yí lára kó lè ní bátànì, òun náà ò lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ẹyọ pàápàá, oríṣi méjì ló wà. Èyí tó kéré, erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ló ti wá, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún la sì fi ná an. Èyí tó tóbi díẹ̀, apá Zanzibar ni àwọn oníṣòwò Jámánì ti ń kó o wá láti nǹkan bí ọdún 1845. Owó ẹyọ mẹ́ta tí mo dà nù yẹn, ká ní mo wò wọ́n dáadáa ni, bóyá wọn ì bá sọ fún wa ìgbà tí iná yẹn jó.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: ibi tí nǹkan wà ló ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ tó wà lábẹ́ eérú ní ohun tó ń sọ, èyí tó wà lórí eérú ní ohun tiẹ̀. Tí ṣọ́bìrì bá ti da méjèèjì pọ̀, wọ́n di owó ẹyọ lásán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀

Ó ṣeé ṣe kẹ́nìkan sọ pé àpáàdì agbo ilé tiyín nìyẹn, kí ló kan ìlú? Ẹ jẹ́ ká dé Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ pé Ọbańta ti wá.

Ní oṣù Kínní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá Ààfin Ọọ̀ni. Kò sẹ́ni tó ń wá ìṣúra. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́, bí àwa náà ṣe fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ lọ, ni wọ́n bá kan orí idẹ. Òmíràn tún jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa gbẹ́ ibẹ̀ tán, orí idẹ àti bàbà tó jáde ju 15 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn tó orí èèyàn, ojú wọn sì dà bí ojú ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé wọ́n ti wà kí Potogí kankan tó tẹ ilẹ̀ wa. Lára irú iṣẹ́ ọnà yìí ni òyìnbó Jámánì kan, Leo Frobenius, rí ní Ifẹ̀ ní 1910 tó fi sọ pé àfi kó jẹ́ pé àwọn Gíríìkì ló wá gbé ibẹ̀ rí. Ìpìlẹ̀ ilé kan ló pa á lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ ìtàn náà ní apá kejì. Kó tó di pé gbogbo èèyàn mọ̀, àwọn kan lára orí náà ti lọ. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó wà ní Ifẹ̀ nígbà náà, ra méjì, ó gbé wọn lọ sílé. Ọdún 1950 ló dá wọn padà. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Èkó ra ọ̀kan, èyí sì dé British Museum ní 1939. Ibẹ̀ ló wà títí dòní, ẹ̀yin ará London lè lọ kí i. Ariwo tó tẹ̀lé èyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, tí wọ́n sì dá ẹ̀ka ìjọba tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1943. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí tọ́jú èyí tó kù, mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ sì ṣí ní 1954.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí wọn ò rí gbà padà. Nítorí pé ṣọ́bìrì àwọn bíríkìlà ló hú wọn jáde, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò wọ́n, ohun tó wà lábẹ́ wọn àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn títí dòní lórí ìdí tí wọ́n fi kó orí tó tó bẹ́ẹ̀ pọ̀ síbì kan.

Ẹ wá fi wé Ìta Yemòó, nínú Ifẹ̀ kan náà. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè kọ́lé, ni wọ́n bá kan ère idẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n. Bernard Fagg àti Frank Willett dé, wọ́n sì walẹ̀ náà ní sùúrù. Ère ọba àti ayaba tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ra wà lára ohun tó jáde níbẹ̀. Wọ́n rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àpáàdì náà ní òòró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń hun ẹní. Irú ilẹ̀ àpáàdì yìí pọ̀ káàkiri lábẹ́ àwọn ilé Ifẹ̀. Ìlú kan náà ni, ìpìlẹ̀ ilé kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnìkan ní, "Ẹ dúró ná."

Nílẹ̀ Ìgbò náà, ní nǹkan bí 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ó kan ohun èlò idẹ. Ó pín àwọn kan fún aládùúgbò. Nígbà tí Thurstan Shaw wá walẹ̀ ibẹ̀ ní 1959, ohun tó jáde fi hàn pé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án ni wọ́n ti ń rọ idẹ níbẹ̀. Inú ọgbà ilé ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwa ńkọ́?

Àwa Ìjẹ̀bú, ohun tá a fi ń yangàn jù ni Erédò Súngbọ́. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Yàrà àti òkìtì náà gùn ju 160 kìlómítà lọ, níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó 20 mítà. Potogí kan tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500 pé ìlú ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Àwa nìyẹn o! P. C. Lloyd kọ̀wé nípa Erédò ní 1959, Patrick Darling sì rìn ín yíká ní àwọn ọdún 1990. Láti 1995 ló ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú. Èèyàn kì í gbẹ́ yàrà tó tó bẹ́ẹ̀ yí igbó òfìfo ká. Àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń sin òkú wọn. Níbo ni ilé wọn wà? Abẹ́ tiwa ni! Abẹ́ Ìtalúpè, abẹ́ Ìta-Ọsù, abẹ́ Porogun, abẹ́ Ìjasí, abẹ́ Ìwàdé. Àtúnkọ́ ni agbo ilé tá a bí bàbá yín sí. Ìgbà tí Òyìnbó ṣẹ́gun wa ní Ìmagbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ilé náà ti wà níbẹ̀. Kódà àwọn ilé tá a mọ̀ sí ilé ìtàn lónìí, irú ilé Olórunṣògo ti Balógun Kúkù tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní 1902, orí ilẹ̀ táwọn kan ti gbé rí ni wọ́n dúró lé. Tá a bá ń rọ́ lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, orí wọn là ń rìn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀tá kọ́ ló ń ba á jẹ́ báyìí. Àwa ni. Ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, soakaway, kànga, fẹ́ǹsì, ilé ìtura. Ọ̀sẹ̀ kan ò lọ lásán kí wọ́n má gbẹ́ nǹkan. Lójoojúmọ́, bárò kan ń ti ìtàn ẹnìkan lọ sí ààtàn, bí mo ṣe ti tèmi.

Mi ò ní ká má kọ́lé o

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ilé ń jò. Àwọn ajogún pọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ dáwó. Owó ṣọ́ọ̀bù ló ń san owó ilé ìwé, tèmi náà wà níbẹ̀, mi ò lè purọ́. Ẹ̀rù sì ń ba àwọn kan pé tí ìjọba bá gbọ́ pé nǹkan wà lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa gbé nínú ilé tó fẹ́ wó pa á nítorí ìtàn.

Òfin nìkan kò sì lè bá wa ṣe é. Lọ́dún 1956 ni wọ́n ti kéde Ilojo Bar ní Tinúbú Square, Èkó, pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀ lójú mọmọ. Tí àwọn tó ni nǹkan ò bá mọ iyì rẹ̀, pátákó ìjọba ò lè dá katakata dúró.

Ẹ̀yin ará London, ẹ lọ sí Walbrook, ilé Bloomberg. Lọ́dún 1954, nígbà tí wọ́n ń tún ibi tí bọ́ǹbù bàjẹ́ kọ́, wọ́n kan ilé òrìṣà Mithras, tí àwọn ará Róòmù kọ́. Ilé alájà ńlá ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, iṣẹ́ owó ń lọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí mítà méje, ẹ ó rí ilé òrìṣà náà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n kọ́ ilé wọn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ lé. A ò ní owó Bloomberg, ṣùgbọ́n ojú tó ń wò kì í ná owó.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí:

1. Kẹ́ ẹ tó wó ilé àgbà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, inú àgbàlá, ilẹ̀kùn, òpó. Ẹ kọ orúkọ agbo ilé sí i.

2. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Ẹ bi í pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ni wọ́n sin síbẹ̀. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní mo bi ìyá àgbà léèrè ní ọjọ́ kan ṣáájú ni, ǹ bá ti mọ̀.

3. Tí àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ, eérú tàbí egungun bá ń jáde, ẹ ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ògiri kòtò náà, kẹ́ ẹ fi rúlà tàbí igi dígà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè hàn bó ṣe jìn tó. Ẹ kó ohun ìpele kọ̀ọ̀kan sí ọ̀rá tiẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

4. Tó bá jẹ́ nǹkan ńlá, bí ère tàbí idẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ má sì tà á. Àjọ NCMM, tí òfin 1979 gbé kalẹ̀, ló yẹ kó gbọ́. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. Ẹ kàn sí wa, àwa ọ̀dọ́ á bá yín kọ lẹ́tà.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti ṣí fódà kan fún iṣẹ́ yìí. Fọ́tò ilé àtijọ́ tó bá wà lọ́wọ́ yín, yálà ti ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn òbí yín tàbí ti ìsìnkú ẹnìkan, ẹ fi ránṣẹ́ sórí group, níwọ̀n ìgbà tí ilé bá hàn lẹ́yìn. Orúkọ agbo ilé àti ọdún tẹ́ ẹ bá rántí ti tó.

Ṣọ́ọ̀bù wa ti parí, àwọn tó háyà rẹ̀ ti kó wọlé. Mo padà lọ sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, mo tú u fún ọjọ́ méjì. Àpáàdì mẹ́rin ni mo rí. Owó ẹyọ kankan ò sí, kòkò tábà ò sí. Mo fọ àpáàdì náà, mo gbé wọn fún ìyá àgbà. Ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà ara rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó mọ ìkòkò yìí, ìyá wa ni." Ó wá bi mí pé ṣé mo ti mọ ibi tí àwọn tó kó lọ sí oko yẹn wà.

Mi ò tíì mọ̀. Tẹ́nìkan nínú yín bá ti gbọ́ nínú ilé yín rí pé iná ló lé ìdílé yín kúrò nígboro Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ó lè jẹ́ pé ẹbí ni wá.

Ìjẹ̀bú á gbé wa o.

Èmi ni tiyín,
Alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́